Má Jẹ́ Kí Wọ́n Rọ Ọmọ Náà

Adó-Èkìtì,
Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ́wùmí, ọmọ mi,

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rọ ọmọ náà lọ́wọ́ bí o ti ń ṣí ìwé yìí, fi ìwé sílẹ̀. Lọ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé e sí àyà rẹ, kí o tó padà wá kà á. N óò kí ọ lẹ́yìn náà.

Ó dára. Mo kí ọ, mo kí àna mi Tíṣà, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tí ó ti ń tọ́jú yín ní Ìjerò láti ọjọ́ tí o ti sọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ jẹ oúnjẹ ọmọ. Èmi ìbá ti wá fúnra mi, ṣùgbọ́n sòbìà yọ sí mi lọ́rùn ẹsẹ̀, ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí n kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Ìyá rẹ tí ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí lẹ́nu jù lọ ti sùn nínú Olúwa. Ọwọ́ ọkùnrin ni ó kù tí yóò kọ ọ̀rọ̀ ọmọ-ọwọ́ sí ọ. Fara dà á, kí o sì kà á dé ìparí.

Ìwé rẹ dé ní kùtùkùtù òní. Bọ́sẹ̀ àbúrò rẹ ni ó kà á sí mi létí, nítorí ojú mi kò gbé ìkọ̀wé wínníwínní tìrẹ mọ́. Ó ka ibi tí o ti sọ pé ọmọ tí o bí, tí ó tóbi tó ọmọ oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ tí ó délé ayé, ti dẹwọ́ sísanra láti oṣù kejì. Pé bí o ti ń gbé e, ó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé kò wúwo sí i mọ́. Pé ìyá ọkọ rẹ ní ọmọ ń joro, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní ògì àti mílíìkì alágolo láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Pé ọmọ náà ń bì í jáde, ẹ kò sì jáwọ́. Lẹ́yìn náà ó ka èyí: "Bàbá, mo fẹ́ kí ó rí bí Bọ́sẹ̀ ti rí nígbà tí ó wà ní ọmọ-ọwọ́, tí àwọn ènìyàn ń yà wò ó láti ìta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin àti Màmá fún un jẹ ránṣẹ́ sí mi."

Bọ́sẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó wò mí. Èmi kò lè wò ó.

Ọmọ mi, ìwọ kò mọ ohun tí o ń béèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Bọ́sẹ̀ pé oṣù méjì nígbà tí mo mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgèdè kí o lè lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Ohun tí o rántí ni ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ dàbí ẹni pé a fi okùn so ó, tí àwọn obìnrin ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. O kò sí nílé fún ìyókù. Èmi ni mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ìyókù náà fún ọ. Òní ni n óò sọ ọ́.

Ní ọdún tí a bí Bọ́sẹ̀, èmi ni mo ń wọn kòkó fún ọkùnrin kan tí ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nítòsí ọjà. Mo ń fi iṣẹ́ náà yangàn. Ìyá rẹ rọbí fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí ọmọ jáde, ìyá agbẹ̀bí fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó ní, "Èyí ti jẹun kí ó tó dé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tọ́jú ọmọ tán, ó jókòó ti ìyá rẹ, ó bi í léèrè pé, "Nígbà tí o lóyún yìí, ǹjẹ́ òùngbẹ ń gbẹ ọ́ jù?"

Ìyá rẹ ní, "Ó ń gbẹ mí. Omi kì í tó mi."

"Ǹjẹ́ èèrà ń bo ibi tí o bá tọ̀ sí?"

Ìyá rẹ wo ojú mi kí ó tó dáhùn. "Wọ́n ń bò ó."

Ìyá agbẹ̀bí wá yíjú sí èmi. Ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àdídùn tí ó pọ̀ lára ìyá ni ó mú irú ọmọ báyìí tóbi nínú oyún. Bí ó bá dé ayé, ó lè dẹwọ́ díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ má fòyà, ẹ má sì lé e. Ọmú ni kí ó máa mu. Bí ẹ bá ń ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó má bàa dẹwọ́, ọ̀rá yẹn lè bá a dàgbà."

Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọmọ mi tóbi.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ìsọmọlórúkọ, mo gbé Bọ́sẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ mi. Ìwọ̀n wa jẹ́ èyí tí a fi kọ́ igi àjà, tí ó ní ìkọ́ nísàlẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí ń tọ́ka sí nọ́ńbà. Mo tẹ́ aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ sí i, mo fi apẹ̀rẹ̀ kọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n gbé kòkó wá pariwo. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń wọn ọ́n, tí mo ń fa ìlà mìíràn sókè èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró láti wò ó. Orí mi wú, Ọmọ́wùmí. N kò ní purọ́ fún ọ.

Ó pé oṣù méjì, abẹ́rẹ́ kò sún mọ́. Sátidé méjì, ojú kan náà. Ní ìkẹta, ó sún díẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Àgbẹ̀ kan tí ó jókòó lórí àpò rẹ̀ ní, "Akọ̀wé, ẹ wò ó dáadáa, bóyá àpò yín ti lu." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ti gbóná. Mo gbé ọmọ délé.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Ọmọ yìí kò jẹun tó."

Ó ní, "Ó ń jẹun tó, Bàbá Ọmọ́wùmí. Bí ó bá yó, fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ojú kúrò lọ́mú. Ẹ wò ó." Ó fún un lọ́mú níṣojú mi. Ọmọ náà mu ún, ó fi í sílẹ̀, ó ń wo aláǹgbá lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìwọ̀n sọ pé kò yó."

"Ìwọ̀n kò bímọ rí. Ìyá agbẹ̀bí ti kìlọ̀ fún wa pé yóò dẹwọ́—"

"Dákẹ́," mo wí fún un.

Ó dákẹ́. O mọ ìyá rẹ. Bí ó bá dákẹ́, kì í ṣe pé ó gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fún ọ ní ìmọ̀ràn èkíní, kí ó tó bọ́ lórí mi. Ọmọ tí ó gbé ojú kúrò lọ́mú ti bá ọ sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni ó wà nínú ikùn rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀, ìwọ kò sí níbẹ̀, ìyá ọkọ rẹ kò sí níbẹ̀. Fún un lọ́mú nígbàkígbà tí ó bá fẹ́, kí o sì jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fi í sílẹ̀.

Mo ra mílíìkì alágolo, mo ra ṣúgà. Mo ní kí ìyá rẹ máa rọ Bọ́sẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun kò gbé e. Èmi bá na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ sí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ọ̀nà sí i lẹ́nu, mo ń da ògì sí i, bí kò bá gbé e mì, mo ń di imú rẹ̀. Mo ń ṣe é kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń ṣe é bí mo bá dé. Ọmọ náà ń jà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kéékèèké rẹ̀ ti ọrùn-ọwọ́ mi, ó ń wo ojú mi, èmi sì ń sọ pé, "Mu ún, ìyá mi, mu ún, arẹwà mi." Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ẹnu gbogbo ènìyàn tún là. Ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, olúkúlùkù ń fi ìka fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nílé, ìyá rẹ nìkan ni ó ń rí egbò tí ó wà láàárín ìṣẹ́po itan rẹ̀ àti abẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tí ara ti ń lọ ara. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́sàn-án, kò lè dá jókòó. Bí ó bá sùn, a ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rá, òun sùn sílẹ̀ bí ìrọ̀rí. Mo ní eegun rẹ̀ ń kó agbára jọ ni.

Ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún kan, mo fẹ́ kí ìlà ọjọ́ náà ga ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ọ̀gá mi ń mú àlejò bọ̀ wá wò ó. Mo po ògì kún igbá. Ó ti mu ọmú, ó ti yó. Mo tẹ́ ẹ sí itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lẹ́nu. Ó gbé ìdajì mì. Ó sọkún, mo di imú rẹ̀, ó fa èémí, ògì náà gba ọ̀nà èémí lọ.

Kò ké mọ́. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ kíyè sí, pé ariwo rẹ̀ dá. Ojú rẹ̀ yọ síta, ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ń pe orúkọ rẹ̀. N kò mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, èmi tí mo mọ ohun gbogbo. Ìyá rẹ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó já ọmọ gbà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín èjìká, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, n kò mọ iye ìgbà. Ògì dà sílẹ̀. Ọmọ náà tún dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó hú ikọ́ kan, tí ó wá sọkún, ẹkún tí kò ní agbára.

Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e mọ́ra. Ó wá wò mí. Ó ní, "Láti òní lọ, èmi ni n óò máa bọ́ ọmọ mi."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí ó fi kú, kò tún mẹ́nu kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ògì tí ó wọ àyà rẹ̀ di ibà àti ikọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá agbẹ̀bí fi ń wá sílé wa, tí ó ń gbé etí lé àyà ọmọ náà. Ó sọ fún mi pé sísanra rẹ̀ mú kí ó ṣòro fún un láti mí, àti pé bí kò bá sanra tó bẹ́ẹ̀, ìjà náà ìbá rọrùn fún un. N kò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ibà fi í sílẹ̀, mo lọ fi omi àti àkísà nu gbogbo ìlà tí mo ti fà sára ògiri. Àwọn àgbẹ̀ ń wò mí. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Bọ́sẹ̀ yè. Ó ti kọjá ọdún méjì kí ó tó rìn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo fi agbára mú un.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìyókù ìmọ̀ràn mi.

Èkejì: dídẹwọ́ ọmọ tí a bí ní títóbi kì í ṣe àìsàn lọ́tọ̀. Má fi ọmọ rẹ wé bí ó ti tóbi lọ́jọ́ tí ó délé ayé, má sì fi í wé ọmọ aládùúgbò. Wo ohun mìíràn. Ṣé aṣọ ìdí rẹ̀ ń tutù dáadáa lójoojúmọ́? Ṣé ó ń fa ọmú pẹ̀lú agbára? Ṣé ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń tẹ̀ lé ọ bí o bá ń kọjá? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, farabalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ó bá kọ ọmú, tí kò bá tọ̀, tí ó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tàbí tí o bá rí i pé ó ń rù ní tòótọ́, má dúró de ìwé mi. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kódà bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n wò ó, pàápàá nítorí bíbì tí ó ń bì. Mo wà ní Adó, n kò rí ọmọ náà. N kò fẹ́ kí o fi ebi pa á nítorí ìtàn mi. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìbáà jẹ́ ti ọ̀tún, ìbáà jẹ́ ti òsì.

Ẹ kó mílíìkì alágolo àti ṣúgà kúrò níwájú rẹ̀. Bí ó bá ti lè jókòó, tí ó bá ń na ọwọ́ sí oúnjẹ ẹnu rẹ, nígbà náà ni kí ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀, kí ó jókòó gbọin, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má di imú rẹ̀ láé. Tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un pẹ̀lú, kí ó máa ta ẹsẹ̀, kí ó máa yí gbiri. Gbogbo ọjọ́ ni Bọ́sẹ̀ fi wà lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ gbé e.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? O kọ nínú ìwé rẹ pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ nínú oyún, o sì fi í ṣe àwàdà. Kì í ṣe àwàdà lójú mi. Lọ wo ibi tí o ń tọ̀ sí bóyá èèrà ń bò ó. Bí wọ́n bá ń bò ó, tàbí bí òùngbẹ náà kò bá tíì lọ, sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé ìyá rẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Má tijú. Bí oyún mìíràn bá dé, sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ kò sọ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí àtọ̀gbẹ fi wọ̀ ọ́ lára, o sì mọ ibi tí ó gbé e lọ.

Ti ìyá ọkọ rẹ ni ó kù. Má bá wọn jà. Kúnlẹ̀, kí o sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni ó ránṣẹ́, pé òun ni ó ń bẹ̀ wọ́n. Fi gbogbo ẹ̀bi lé mi lórí. Kí Tíṣà jókòó tì ọ́, kí ó ka ìwé yìí sí wọn létí láti orí dé ìdí, kí ó má fo ibi tí ojú ti tì mí. Obìnrin tí ó fẹ́ràn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Ohun tí ó ń ṣe wọ́n ni ó ṣe mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀, ìwọ ni ìyá rẹ̀. Gba ọmọ rẹ.

N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí a bá bí ní títóbi ni yóò rí bí Bọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ a bọ́ sí ìwọ̀n ara wọn, wọn a sì sáré bí ẹlẹgbẹ́ wọn. Èmi ni n kò jẹ́ kí tèmi bọ́ sí tirẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, àwọn ọmọ ilé-ìwé gun òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Bọ́sẹ̀ gun ún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, èémí kò tó o mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa ṣọ́ ẹrù àwọn yòókù. Nígbà tí ó délé ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé bí Ọlọ́run ti dá mi nìyí, àbí ohun kan ni ó ṣe mí?" Mo ní, "Bí Ọlọ́run ti dá ọ ni." Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó gbà mí gbọ́. Mo di ẹ̀bi ara mi lé Ọlọ́run lórí.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí ó ká ìwé rẹ tí ó wò mí, mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti ìwọ̀n, mo sọ ti igbá, mo sọ bí mo ti di imú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Mo retí ẹkún, mo sì retí pé yóò bínú jáde. Ó bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí?"

Mo ní, "O kà á nínú ìwé rẹ̀."

Ó dìde, ó lọ mú bébà àti kálámù wá, ó sún tábìlì mọ́ mi kí n má bàa ṣí ẹsẹ̀ tí ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, Bàbá. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nítorí mi. Lọ́rì Ìjerò kì í pẹ́ ní ibùdókọ̀."

Ó ti wọ bàtà rẹ̀. Ó dúró tì mí báyìí, ó ń retí kí n fi ọwọ́ sí i.

Èmi bàbá rẹ,
Jósẹ́fù.